Rílù Àwọn Ọmọ Ìyá Mẹ́ta

Ìyá Olórin ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò kọrin rí ní gbangba láyé rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò dára, òun náà sì mọ̀. Ilé ìfọṣọ tó wà ní ìparí òpópónà wọn ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń lọ aṣọ níbẹ̀ láti àárọ̀ títí ọjọ́ á fi rọlẹ̀, tí ooru áyọ́ọ̀nù á máa fẹ́ sí i lójú. Ohun tó sọ ọ́ di Ìyá Olórin ni yàrá tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, èyí tó yẹ kó jẹ́ yàrá àlejò, bí àlejò bá lè rí ibi tẹsẹ̀ sí níbẹ̀.

Orin ló kún inú yàrá náà láti ilẹ̀ dé àjà. Àwọn àwo àtijọ́ tó nípọn, tó máa ń fọ́ bí abọ́ bó bá já bọ́, wà níbẹ̀, àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá tó dé lẹ́yìn wọn náà wà níbẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì wà nínú páálí bàtà, sídì wà nínú àpótí. Àwọn rílù téèpù, irú èyí tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ kí kásẹ́ẹ̀tì tó dé, wà nínú agolo pẹlẹbẹ. Kò sí irú orin tí èèyàn ò lè bá níbẹ̀: orin ìjọ, orin ijó, orin àwọn onífèrè ológun, orin ìrẹmọ, títí dé orin tí wọ́n fi ń polówó ọṣẹ. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló ni wọ́n, á tò wọ́n bí wọ́n ṣe jọra. Ìyá Olórin kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí oníkálukú wọn ń bẹ̀rù ló fi tò wọ́n. Àwọn tó ń bẹ̀rù oòrùn jìnnà sí fèrèsé. Àwọn tó ń bẹ̀rù ọ̀rinrin wà lókè pátápátá. Àwọn tó ń bẹ̀rù irin òòfà, ìyẹn kásẹ́ẹ̀tì àti téèpù, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ kankan.

Òun fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀rù jù nínú gbogbo wọn. Bí òjò bá ṣú, ọkàn rẹ̀ á ti délé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò níbi iṣẹ́. Bó bá wọlé, kò ní bọ́ bàtà kó tó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri yàrá náà wò, bóyá omi ti ń yọ́ wọlé. Bó bá ti ilẹ̀kùn, á padà lọ wò ó bóyá lóòótọ́ lòun tì í. Ọkọ rẹ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì elérò, máa ń sọ fáwọn èèyàn pé bí àwo bá lè wúkọ́, ìyàwó òun á ti gbé e lọ rí dókítà.

Àwọn èèyàn a máa mú àwo tí wọ́n bá nínú ẹrù òbí wọn wá bá a, pé kó bá àwọn wò ó bóyá ó níyì. Á gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, á yí i síbí, á yí i sọ́hùn-ún, títí gbogbo ibi tó ti ha á fi hàn. Á gbóòórùn páálí rẹ̀ bóyá ọ̀rinrin ti wọ̀ ọ́. Orin tí gbogbo ayé ní, bó ti wù kó dùn tó, kì í jọ ọ́ lójú. Ohun tí kò ní èkejì ló máa ń gbá mọ́ àyà. Ó ní kásẹ́ẹ̀tì kan tó jẹ́ pé ohùn bàbá kan ni, tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lórin, tí ọmọ náà sì ń rẹ́rìn-ín dípò kó kọrin. Kò mọ bàbá yẹn, kò mọ ọmọ yẹn. Ó ní bílé bá ń jó, èyí lòun máa kọ́kọ́ gbé. Ọkọ rẹ̀ bi í pé òun ńkọ́. Ó dá a lóhùn pé òun mọ̀ pé ẹni tó lẹ́sẹ̀ lòun fẹ́.

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ gbígba ohùn àwọn olórin sílẹ̀ ló ṣe jálẹ̀ ayé rẹ̀. Nígbà tó kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń palẹ̀ ilé mọ́, wọ́n ní kí Ìyá Olórin wá kó páálí téèpù kan tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn kí àwọn tó dà á nù. Ó kó o wálé, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n ti pa ohun tó wà lórí ẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n lára agolo kan tó ti dípẹtà, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ pé: Àwọn Ọmọ Ìyá Mẹ́ta, ẹ má pa á rẹ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè wọn lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Lọ́jọ́ kan, ó dárúkọ wọn fún tíṣà kan tó máa ń kó aṣọ wá sí ilé ìfọṣọ, ó ní téèpù wọn wà lọ́wọ́ òun. Tíṣà ní àwọn obìnrin mẹ́ta kan ni, tí wọ́n ń kọrin ní òtẹ́ẹ̀lì àti lórí rédíò nígbà kan, èyí tó kéré jù nínú wọn ló sì bí òun. Àwọn méjì yòókù ti kú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ láti fi ṣe àwo, ilé iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe é sì ní àwọn ò ṣe mọ́. Tíṣà kò gbọ́ orin náà rí. Ìyá rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í kọrin nínú ilé, kì í sì í fẹ́ kí wọ́n tan rédíò pẹ́. Ó wá dàgbà báyìí, àyà rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́. Tíṣà béèrè bóyá ó ṣeé ṣe kí ìyá òun tún gbọ́ ohùn àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ọjọ́ tó lọ jù.

Ìyá Olórin ní ó ṣeé ṣe. Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rántí pé òun ò tíì ṣí agolo náà.

Ó ṣí i. Téèpù náà ti lẹ̀ mọ́ra. Bó ṣe rọra fa etí rẹ̀, ṣe ló ń ró ṣàà bí ìgbà tí wọ́n bá ń ya bébà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ilẹ̀ kan sì kù sí i níka. Ó mọ ohun tí ìyẹ̀fun yẹn jẹ́. Lára rẹ̀ gan-an lorin wà. Èyí tó bá gbọ̀n dànù, orin ló gbọ̀n dànù yẹn. Bó bá gbé rílù náà sórí ẹ̀rọ bó ṣe wà yìí, ẹ̀rọ á fá a mọ́ tónítóní.

Ẹnì kan tó ń tún ẹ̀rọ ohùn ṣe ti sọ fún un rí pé gọ́ọ̀mù ara irú téèpù bẹ́ẹ̀ ló máa ń mu omi látinú afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá fi ooru díẹ̀díẹ̀ gbẹ ẹ́, á ṣeé lò fúngbà díẹ̀, bóyá ẹ̀ẹ̀kan. Ooru náà kò gbọ́dọ̀ pọ̀, kò gbọ́dọ̀ kéré, kò sì gbọ́dọ̀ máa lọ máa bọ̀. Ìyá Olórin bá rántí kọ́bọ́ọ̀dù ìgbẹṣọ tó wà níbi iṣẹ́ wọn, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ àwọn aṣọ tí kò fẹ́ wàhálà. Ó lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà gbọ́ ọ látòkè délẹ̀, ó wá béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé orin náà ò ní rùn mọ́ aṣọ àwọn oníbàárà òun lára?

Lọ́jọ́ Àìkú, tí kò sí iṣẹ́, ó gbé rílù náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì gbé àga ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò jẹun. Ó ń fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà bí ìyá tó ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tó ń gbóná. Bí ooru bá fẹ́ ga, á dín in kù. Bó bá dín in kù tán, á tún máa rò pé òun ti dín in jù. Nígbà tó gbé e jáde, ó fi aṣọ mímọ́ bò ó kó lè tutù, ó sì ń ṣí aṣọ náà wò ṣáá bí ẹni pé rílù lè sá lọ.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọlidé. Lọ́sàn-án, nígbà tí àdúgbò dákẹ́, ó gbé rílù sórí ẹ̀rọ, ó sì so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà kí ohun tó bá jáde lè wọ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ wáyà wò, ó tún un yẹ̀ wò. Ó ní kí ọkọ òun jókòó, kó má mira, kó má sì ṣàwàdà. Ọkọ rẹ̀ béèrè bóyá òun lè máa mí. Ó ní kó máa mí díẹ̀díẹ̀.

Ariwo fẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kọ́kọ́ jáde, bí òjò tó ń rọ̀ lọ́nà jíjìn. Lẹ́yìn náà ni ohùn mẹ́ta jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́ wúwo, èkejì rọ̀ mọ́ ọn, ìkẹta sì ga lókè àwọn méjèèjì, ó mọ́, ó ń gbọ̀n díẹ̀ bíi ti ọmọ tí wọ́n ní kó dìde níwájú kíláàsì. Gìtá kan ṣoṣo ló ń tẹ̀lé wọn. Ọkọ rẹ̀ gbàgbé ara rẹ̀, ó ń mi orí. Ìyá Olórin kò rí àyè gbádùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára téèpù tó ń sáré kọjá, ó ń retí ìgbà tó máa já. Orin kìíní parí, kò já. Àárín orin kejì ni wọ́n wà nígbà tí ohùn kan kùnà, tí orin sì dàrú, tí gìtá dákẹ́. Wọ́n gbọ́ ìró àga. Ẹnì kan ń sunkún. Ilẹ̀kùn kan ṣí, ó sì padé. Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ kò pa ẹ̀rọ rẹ̀.

Ohùn ọkùnrin kan ní, "Àbúrò yín kékeré ló tún ṣì í yẹn, àbí?"

Ohùn tó wúwo yẹn ló fèsì. "Òun kọ́. Èmi ni. Ohùn mi ni ò gbé e."

"Ẹ wá jẹ́ kó máa sunkún níta?"

"Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo tọ́ wọn. Bó bá mọ̀ pé èmi náà lè ṣì í, kò ní gbọ́ tèmi mọ́."

Orin ìkẹta bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí téèpù náà fi ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ó ti ń lẹ̀ padà. Ìyá Olórin lè jẹ́ kó máa lọ. Ó lè parí, ó sì lè já. Ó nawọ́, ó pa ẹ̀rọ. Orin ìkẹta kù sórí rílù.

Ọkọ rẹ̀ kò ṣàwàdà lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Gé ọ̀rọ̀ yẹn kúrò. Orin ni wọ́n ní kó o bá àwọn wá, wọn ò ní kó o bá àwọn wá ìjà."

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó gbádùn ara rẹ̀ mọ́. Kò gé nǹkan kúrò lára orin rí, ì báà jẹ́ ikọ́ tí olórin wú kó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tí àyà rẹ̀ kò dá ṣáṣá kì í ṣe àwo. Bó bá gbọ́ ọ tí nǹkan bá ṣe é ńkọ́? Bí wọ́n bá sì gé e, tí ìyá náà gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ wọlẹ̀, ta ló máa jẹ́jọ́ ìyẹn? Ibi tó ti ń rò ó ló ti fi áyọ́ọ̀nù jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Nígbà tí tíṣà wá béèrè, ó parọ́ fún un pé téèpù ò tíì gbẹ. Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún sùúrù rẹ̀, ìyẹn sì dùn ún ju èébú lọ.

Nígbà tó yá, ó pinnu pé kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti yàn fún ìyá náà bí kò ṣe ìyá náà fúnra rẹ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà, ó lọ sílé tíṣà lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan.

Ó bá ìyá náà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, pẹ̀lú aṣọ lórí orúnkún, àwọn ìgò oògùn sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dá. Ó wo Ìyá Olórin láti òkè dé ilẹ̀, ó ní òun rò pé ẹni tó ń kó orin jọ á sanra jù báyìí lọ. Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, ó ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òun lòun ba iṣẹ́ náà jẹ́, pé ohùn òun ló já lulẹ̀ tí ilé iṣẹ́ àwo fi kọ̀ wọ́n, pé ẹ̀gbọ́n òun sì fojú fo ọ̀rọ̀ náà títí ó fi kú. Ó ní ìyẹn ló jẹ́ kí òun fi orin sílẹ̀.

Ìyá Olórin gbé kọ̀ǹpútà lé orúnkún. Ó ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ kan wà láàárín àwọn orin yẹn. Ẹ̀gbọ́n yín ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ ti jáde nígbà yẹn. Mo lè jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ orin nìkan, mo sì lè jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa sọ."

"Ṣé ó bú mi ni?"

"Rárá, mà."

Ìyá náà tún aṣọ orúnkún rẹ̀ ṣe. "Ó dáa. Jẹ́ kí n gbọ́ gbogbo ẹ̀."

Bí orin kìíní ṣe bẹ̀rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì, ohùn ò sì jáde. Ìyá Olórin ń wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò, ó ń wo àwọn ìgò oògùn, ó ń ronú èyí tó máa gbé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Orin kejì dàrú. Ẹkún jáde, ilẹ̀kùn padé, ọ̀rọ̀ náà sì jáde bó ṣe wà. Kò sí ohun tó yí padà lójú ìyá náà. Ó ní kí wọ́n tún un gbé sí i. Wọ́n tún un gbé sí i. Ó ní kí wọ́n pa á.

"Mi ò kọrin fún ọmọ tí mo bí," ló sọ. "Àní láti fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo bẹ̀rù pé màá ṣì í."

Tíṣà, tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀, ní òun ti rò pé ìyá òun kórìíra orin ni. Ìyá náà yí ojú padà sí fèrèsé. Ó ní kí àwọn méjèèjì fi òun sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde sí ìta, tíṣà sọ fún Ìyá Olórin pé ó yẹ kó ti sọ fún òun ṣáájú. Kò pariwo mọ́ ọn. Ìyá Olórin ì bá fẹ́ kó pariwo.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e kò dáa. Bí fóònù bá dún, Ìyá Olórin á sáré gbé e. Tíṣà ránṣẹ́ pé ìyá òun kì í dáhùn tí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀, pé oúnjẹ tí wọ́n gbé wọlé ni wọ́n tún ń gbé jáde, pé wọ́n máa ń gbọ́ ọ tó ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Ìyá Olórin wọ yàrá orin rẹ̀, kò sì lè tan nǹkan kan. Ọkọ rẹ̀ kò sọ pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ń bá a fọ abọ́, ó ń pẹ́ kó tó jáde lọ síbi bọ́ọ̀sì.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ilẹ̀kùn ilé ìfọṣọ ṣí, tí ìyá náà fi ọ̀pá rìn wọlé, tí ọmọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ìyá Olórin fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ti kúnlẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi," ni ìyá náà wí. "Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi jà. Gbogbo ohun tí ń bẹ nínú mi ni mo sọ fún un, kò sì ráyè dá mi lóhùn, torí náà èmi ni mo borí." Ó mí kanlẹ̀. "Ó ti kú, mo sì ṣì fẹ́ràn ẹ̀. Ìyẹn ló ń bí mi nínú."

Ó ní òun fẹ́ orin nìkan, sínú nǹkan kékeré tí òun lè máa tẹ̀ fúnra òun nílé. Èyí tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, kí Ìyá Olórin bá òun tọ́jú rẹ̀. Kó má gé e, kó má sì jẹ́ kí ó wà nílé òun. Lẹ́yìn náà, ó ní òun fẹ́ rí ibi tó máa gbé e sí.

Ọ̀gá jẹ́ kó tètè ṣíwọ́ iṣẹ́. Wọ́n rọra rìn débẹ̀. Ìyá náà dúró láàárín yàrá orin, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wá béèrè ibi tí orin ìkẹta wà. Ìyá Olórin gbé agolo náà sọ̀ kalẹ̀. Ó ní òun lè tún gbẹ ẹ́, òun lè tún dán an wò, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí, àyà òun sì ń já.

"Fi í sílẹ̀," ni ìyá náà wí. "Mo mọ̀ ọ́n."

Ó jókòó, ó fi ọ̀pá ti ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ohùn náà ti gbó, ó ti há ní àwọn ibì kan, àmọ́ ó mọ ibi tó ń lọ. Apá tirẹ̀ nìkan ló kọ. Bó bá dé ibi tó jẹ́ ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á dákẹ́, á máa fi ìka kan lu orúnkún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, á dúró dè wọ́n, títí á fi kàn án, á sì tún wọlé síbi tó yẹ gẹ́lẹ́.

Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ìyá Olórin jókòó lórí àpótí sídì, ó ń gbàdúrà kí ẹnì kan má lọ kanlẹ̀kùn.